Ìrìn Ọdẹ́jìnmí sí Ilé Ojú, àti Ọ̀rọ̀ Tí Ohùn Rẹ̀ Já Sọ́nà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ abẹ́ àtíbàbà mi. Òjò yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀, mo ti wo ojú rẹ̀. Ẹ gbé àpótí fún ìyàwó tó pọnmọ yẹn kó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àgbàdo rẹ̀ kó máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má fi ẹnu tó kún dá mi lóhùn. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti wọ igbó tí ẹyẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn nítorí ìbẹ̀rù, mo sì ń súfèé jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní irọ́, ẹ jẹ́ kí òjò dá, kí ẹ lọ bi igbó náà léèrè. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti ọ̀rẹ́ mi ni, Ọdẹ́jìnmí ará Ọ̀dànjọ, ọkùnrin tó lágbára, tó lójú, tí kò sì létí rárá.

Ohun tí Ọdẹ́jìnmí fẹ́ràn jù láyé ni Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Lẹ́yìn Ìbídùn, gbérí rẹ̀, ẹ̀wù tó fi ń ṣọdẹ, ló kàn. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ran òwú, tó sì ń hunṣọ, ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun gbérí náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó sì rán an ní ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po. Ó nípọn débi pé bí Ọdẹ́jìnmí bá bọ́ ọ sílẹ̀, ńṣe ló máa ń dá dúró bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Eyín ẹkùn wà lára rẹ̀, ìyẹ́ àṣá wà níbẹ̀, àdó wẹ́wẹ́ so rọ̀ yí ọrùn rẹ̀ ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtàn tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹran igbó á ti mọ̀ pé Ọdẹ́jìnmí ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí èmi fi ń pẹran jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìbọn rẹ̀ ṣàdédé yìn nínú ilé. Ọta lu ilẹ̀kùn já, ó lu àpótí aṣọ já, ó fọ́ ìkòkò omi, ó wá wọ inú àpò òwú Àtọ́kẹ́, kò sì jáde mọ́. Nígbà tí àyà gbogbo ilé balẹ̀ tán, Àtọ́kẹ́ tọwọ́ bọ àpò náà, ó wá a títí ó fi rí i, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ hàn ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ wò ó," ó ní. "Ó ti sùn."

Láti ọjọ́ náà, bí Ọdẹ́jìnmí bá ń fọ́nnu nípa ìbọn rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn, Àtọ́kẹ́ kì í bá a jiyàn. Á kàn rọra ní, "Ó ti sùn," gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀rẹ́ mi ju bí ẹ ṣe rò lọ, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ òwú mọ́.

Ní báyìí, ẹ gbójú sókè. Òjò ti bò ó lónìí, ṣùgbọ́n lókè yẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tán, ilé kan wà tó ń yí ayé po. Ilé Ojú ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń rí òjò kó tó kúrò lórí òkun, wọ́n á ránṣẹ́ sí apẹja pé kó fa ọkọ̀ rẹ̀ sí èbúté, wọ́n á ní kí àgbẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó gbin irúgbìn. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ mú, Ìbídùn ni wọ́n rí, nítorí ọmọ yẹn lè rí àgbọ̀nrín tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ewé kí bàbá rẹ̀ tó gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n mú un lọ. Wọ́n fi àpótí ọ̀rọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Ilé Ojú bá ń kọjá bí ìràwọ̀ tó ń rìn, Àtọ́kẹ́ á na ọwọ́ sí i, á kí ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lókè yẹn kò mọ ilé gbá. Ìṣó tó bọ́, wọ́n fi sílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó yọ, wọ́n ní kó máa lọ. Ọ̀dà tó ṣí lára ògiri, kò sẹ́ni tó ṣa á. Níbẹ̀ ohunkóhun kì í já bọ́ sílẹ̀, sísá ni wọ́n ń sá yí ayé po, ọta ìbọn mi kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn sáré. Bí ọ̀kan bá gbá èkejì, méjèèjì á fọ́, wọ́n á di ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ náà á tún máa sá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu Ilé Ojú. Bí ògiri rẹ̀ bá ya, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, Ìbídùn á sì kú síbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í gbọ́ igbe rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àpótí ọ̀rọ̀ wúkọ́, ohùn Ìbídùn sì jáde. Ó ní ògiri ti ń lu. Ó ní kí bàbá òun mú owu wá kíákíá. Àpótí náà dákẹ́.

Owu. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe pè é. Mi ò gbé e sókè, mi ò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe jáde nínú àpótí, nítorí lókè yẹn kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé ohùn. Ara ọ̀rọ̀ nìkan ló ń dé, orin inú rẹ̀ á ti já sọ́nà. Ó yá, kí ni ẹ gbọ́? Ìyàwó, ìwọ gbọ́ òwú tí wọ́n ń ran. Ìwọ ọmọ alágbẹ̀dẹ, o gbọ́ owú tí bàbá rẹ fi ń lu irin. Ẹ wò ó, ẹ kò tí ì jókòó pẹ́ tí ẹ ti ń bára yín jiyàn! Bó ṣe rí nílé Ọdẹ́jìnmí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́jìnmí obìnrin, Ìyá Alátẹ, ló kọ́kọ́ fò dìde. "Owú ni! Ẹnìkan ń jowú ọmọ mi níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́, ọmọ tó lẹ́wà tó báyìí, kí ló ń wá láàrin àjèjì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ó ní ká mú un wá. Ta ló ń gbé owú jíjẹ ránṣẹ́? Ògiri irin ló lu. Kí ni wọ́n fi ń tún irin ṣe bí kò ṣe irin? Owú alágbẹ̀dẹ ló ń bèèrè, òòlù ńlá yẹn."

"Òwú ni," ni Àtọ́kẹ́ wí láti ìdí ìrànwú rẹ̀.

"Létí tìrẹ, gbogbo nǹkan ni òwú."

"Bàbá Ìbídùn, létí tiyín náà, gbogbo nǹkan ni irin. Ọ̀kan nínú wa ló ṣáà ṣì í. Ẹ kúkú mú méjèèjì dání."

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Àtọ́kẹ́ di òwú sínú ẹrù ńlá kan, ó gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ọdẹ́jìnmí wo ẹrù náà, ó rántí "Ó ti sùn," ó rántí bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹrù náà kalẹ̀ lórí àpáta ẹnu ọ̀nà, ó yá owú lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì lọ. Àtọ́kẹ́ dúró, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi.

Ọ̀nà tó lọ sí Ilé Ojú gba Igbó Fúyẹ́ kọjá. Mo mọ ibi tí igbó náà wà, mi ò sì ní í sọ fún yín, nítorí ẹnu yín kò gba ọ̀rọ̀ dúró. Bí ènìyàn bá wọ̀ ọ́, ẹrù rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fúyẹ́, ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e, àárẹ̀ rẹ̀ náà á lọ, ìbànújẹ́ rẹ̀ ló sì ń lọ gbẹ̀yìn. Àwọn igi ibẹ̀ kò ta gbòǹgbò. Orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n dúró lé bí ẹni tó fẹ́ wo inú ilé onílé láti ojú fèrèsé. Èso wọn a já, á sì gba òkè lọ. Ìgbín kan kọjá létí Ọdẹ́jìnmí láìkan ohunkóhun, ó ń sùn, ó sì ń rìn.

Ọdẹ́jìnmí náà gbéra kúrò nílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó rí àwọn ọdẹ àtijọ́ tí wọ́n fò síbẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú oorun, irùngbọ̀n wọn ti lọ́ mọ́ ẹ̀ka igi. Ó ronú pé òun pẹ̀lú lè sinmi díẹ̀. Ó fẹ́ rántí ẹni tí òun ń lọ bá, orúkọ náà sì fúyẹ́, ó ń bọ́ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Ìgbà náà ni ẹ̀gún kan kọ́ gbérí rẹ̀, ó sì fa fọ́nrán òwú kan yọ níbẹ̀ wàràwàrà.

"Gbérí mi!" ni ọ̀rẹ́ mi kígbe. Ìbínú mú un, ìbínú sì wúwo. Bó ṣe ń wúwo ni iyè rẹ̀ ń sọ, orúkọ Ìbídùn padà sí ẹnu rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àwọn ẹ̀ka igi títí ó fi jáde nínú igbó náà. Fọ́nrán òwú Àtọ́kẹ́ ló gbà á là, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ni Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn igbó náà ni ẹnubodè. Abàmì tó ń ṣọ́ ọ ń jẹ́ Kòkanlẹ̀. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, aṣọ rẹ̀ kò sì yí bò ó lójú. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìdáhùn.

"Kí ló kéré tó hóró ọkà," ni Kòkanlẹ̀ bèèrè, "tó ń dá erin dùbúlẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ lo ń bi léèrè ọta?"

"Ó káre. Láti ibí lọ, ohun gbogbo ni ọta, ìwọ sì ni ẹran. Kí ló ń dá ọta dúró?"

"Irin tó nípọn."

Kòkanlẹ̀ rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi tú síta, tí wọ́n ń yí i lórí po, tó sì ń fọwọ́ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan padà sẹ́nu. "Kọjá," ó ní. "Ìdáhùn kan ṣoṣo lo gbà, o sì rò pé méjì ni. Kọjá lọ, ọmọ rẹ ń retí rẹ."

Bó ṣe kọjá ẹnubodè náà, ohùn kú. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ wò, ó sì jáde pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ayé wà lábẹ́ rẹ̀, ó tutù, ó dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láàrin rẹ̀ àti ayé ni Ìlú Àjùdànù wà, ó ń sá lọ.

Àwọn ará ìlú náà ni gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ nù lókè. Ìṣó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí ìka rẹ̀ ṣì nà bí ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn, àti èépá ọ̀dà funfun tó pọ̀ bí kòkòrò àsìkò òjò. Ọba wọn ni Ojú Àgbà, ojú àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá gbé sókè láti wo ayé. Ó ti fọ́ báyìí, apá rẹ̀ kan ti já, ẹnikẹ́ni kò sì tíì pè é láti ìgbà tó ti fọ́jú. Ọdẹ́jìnmí rò pé wọ́n á bá òun jà, ó ti múra. Kò bá ìjà kankan níbẹ̀. Ńṣe ni ó rẹ̀ wọ́n.

"A kò bínú sí ẹnikẹ́ni," ni Ojú Àgbà wí. "Wọ́n jù wá, a ń lọ. Oorun ń kùn wá, kò sì síbi tí a lè sùn sí. Bí a bá kan ohun líle, a ń bímọ, àwọn ọmọ wa náà ń sá. Kí lo gbé dání, àlejò?"

"Owu," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ẹ rántí pé ohùn ti kú. Ọ̀rọ̀ náà jáde pẹrẹsẹ. Ojú Àgbà mì tìtì, gbogbo ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yanranyanran nínú oòrùn. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, "Ó mú owu wá! Ó mú owu wá!" Àwọn ìṣó tò yí i ká. Èépá ọ̀dà kékeré kan wá bà lé èjìká rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹní fún. Ọdẹ́jìnmí rò pé òòlù ni wọ́n ń yọ̀ mọ́, inú tirẹ̀ náà dùn, ó sì tú owú alágbẹ̀dẹ ní ìdí, ó gbé e sókè fún wọn.

Ìlú Àjùdànù kò tàn mọ́. Èépá ọ̀dà náà kúrò léjìká rẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀yìn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bọ́ sọ́nà tí wọ́n ti ń sá láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tó ṣe. Ó kàn mọ̀ pé òun ti dun àwọn tí kò ṣẹ òun, ìtìjú rẹ̀ sì ń bá a rìn títí ó fi dé Ilé Ojú.

Ilé náà gùn, ó ń dán, ó na apá méjèèjì bí àwòdì tó ń yá oòrùn. Ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti dí ti kún ara rẹ̀. Ìbídùn ṣílẹ̀kùn fún un, ó tì í padà kíá, afẹ́fẹ́ sì kún etí Ọdẹ́jìnmí. Ohùn padà. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń ké pé, "Bàbá mi! Bàbá mi dé!" Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, orúnkún rẹ̀ kò bá ilẹ̀, ó yí po pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀, ó ṣì ń kí bàbá rẹ̀ kú ìrìn. Ìṣọ̀lá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ara ilé náà ṣe, fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó sì forí gbá àjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ìbídùn ti rù. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, òwú náà dà?"

Ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Òwú. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ ọ bí Àtọ́kẹ́ ṣe sọ ọ́ gan-an láti ìdí ìrànwú. Ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀.

"Owú ni mo gbọ́," ó ní.

Ìṣọ̀lá ló rọra ṣàlàyé fún un, ó fi aṣọ kan hàn án tó ń kọ mànà. Okùn tí wọ́n fi hun ún, yanrìn ni. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì fà á títí ó fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. "Bàbá, aṣọ yanrìn yìí la ń ta síwájú. Ohun tó bá ń sá bọ̀ á gbá a, á fọ́ wẹ́wẹ́. A ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí wẹ́wẹ́ náà lè tú ká, kí agbára wọn pín. Lẹ́yìn àyè náà ló yẹ kí òwú tó nípọn wà, tí yóò gbà wọ́n mọ́ra. Yanrìn ń bẹ. Òwú wa ló tán."

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni nǹkan kan kan ara ilé. Kò dún gbàà. Tín ló dún. Ihò kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìbídùn, afẹ́fẹ́ inú ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé jáde. Ọdẹ́jìnmí fò mọ́ ọn, ó fi orí òòlù dí ihò náà, súfèé náà sì dákẹ́. "Ẹ rí i?" ó ní. "Irin..." Kò parí rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e gbá òòlù náà láti ìta, òòlù alágbẹ̀dẹ, èyí tí ó ti lu àìmọye ọkọ́ àti àdá, sì fọ́ bí àwo. Àwọn ọmọ rẹ̀ tú ká inú yàrá. Ọ̀kan gé Ìbídùn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣàn wálẹ̀. Róbóróbó ló léfòó níwájú ojú bàbá rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa.

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́jìnmí. Mo mọ ọ́n láti ìgbà èwe wa, mi ò rí ẹ̀rù lára rẹ̀ rí, èmi ni mò ń sọ ọ́ fún yín pé ẹ̀rù bà á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò náà, òtútù ìta sì ń fa ẹran ọwọ́ rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ gbérí rẹ̀.

"Bàbá, gbérí yín kọ́," ni Ìbídùn wí.

"Òwú ìyá rẹ ni," ó ní. "Bá mi fà á."

Ó fi ọ̀bẹ tú ojú rírán rẹ̀. Eyín ẹkùn bọ́, ó léfòó lọ. Ìyẹ́ àṣá bọ́. Àwọn àdó tú, wọ́n ń yí po nínú yàrá pẹ̀lú gbogbo ìtàn wọn, kò sì wo ọ̀kankan. Ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po ni òwú náà ń jáde, àwọn tí ìdọ̀tí kò dé funfun bí ọjọ́ tí Àtọ́kẹ́ ran wọ́n. Ìṣọ̀lá ta aṣọ yanrìn síwájú, wọ́n fi àyè sílẹ̀, wọ́n sì to ìṣẹ́po gbérí náà sẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́jìnmí yọ ọwọ́ kúrò. Òun àti ọmọ rẹ̀ di ara wọn mú.

Òmíràn tún dé. Pọ̀ ló dún, ohùn tí ìrọ̀rí máa ń dún bí ènìyàn bá fi orí lé e. Wọ́n dúró. Afẹ́fẹ́ kò súfèé. Ọdẹ́jìnmí tọwọ́ bọ inú òwú náà, ó wá a títí, ó sì rí eruku funfun díẹ̀ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Èépá ọ̀dà tó bà lé òun léjìká ni. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ hàn ọmọ rẹ̀.

"Ó ti sùn," ni Ọdẹ́jìnmí wí, ó sì bú sẹ́kún. Omijé kì í já bọ́ níbẹ̀. Ó rọ̀gbà yí ojú rẹ̀ ká, gbogbo ohun tó ń wò sì ń mì lólóló.

Gbérí kan kò lè bo ilé. Yàrá tí Ìbídùn ń sùn nìkan ló tó bò, Ọdẹ́jìnmí sì gbéra láti lọ mú ìyókù wá. Nígbà tó ń kọjá ní Ìlú Àjùdànù, ó dúró níwájú Ojú Àgbà pẹ̀lú àyà ìhòòhò, ó ní, "Ẹ má bínú. Mò ń lọ mú un bọ̀." Bó ṣe dé ilé, ẹrù òwú náà ṣì wà lórí àpáta ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Àtọ́kẹ́, òwú ni."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà láàyè. Gbérí tí o hun fún mi ló dáàbò bò ó."

Àtọ́kẹ́ wo àyà rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó. Kò sọ ohun tí gbogbo wa rò pé ó máa sọ. Ó kàn pe àwọn obìnrin Ọ̀dànjọ, wọ́n sì jókòó sídìí ìrànwú. Èmi gan-an tí ẹ ń wò yìí ran òwú, tèmi ló sì dán jù nínú ti gbogbo àwọn ọkùnrin, ẹ lọ bèèrè. Ọdẹ́jìnmí kó o lọ. Wọ́n fi aṣọ yanrìn àti òwú wé Ilé Ojú láti orí dé ìdí. Wọ́n tún ta aṣọ gbọọrọ sí ọ̀nà Ìlú Àjùdànù, àwọn ará ibẹ̀ sì ń wọ inú rẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀wọ́ yẹn ká ìka rẹ̀ kò, ó sùn. Ojú Àgbà ló wọlé kẹ́yìn.

Nígbà tí gbogbo èyí ti rọlẹ̀, tí ọ̀rẹ́ mi ti ń wọ ẹ̀wù lásán bí gbogbo ènìyàn, àpótí ọ̀rọ̀ tún wúkọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ohùn Ìbídùn ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí wọ́n máa retí ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde, pẹrẹsẹ.

Ìyá Alátẹ fò dìde. "Ọkọ! Ọmọ mi ti rí ọkọ! Ìṣọ̀lá tó forí gbá àjà yẹn ni, mo ti mọ̀!"

"Bóyá ọkọ̀ ni," ni Àtọ́kẹ́ wí, ó sì gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bóyá ọkọ̀ ló ń gbé e bọ̀ wálé."

"Ó sì lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko," ni Ìyá Alátẹ wí. "Ta ló mọ ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀?"

Wọ́n jiyàn títí, kí wọ́n tó rí i pé Ọdẹ́jìnmí kò sí láàrin wọn. Wọ́n bá a lẹ́yìn ilé. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ń fi ọkọ́ ro pápá igbó tó wà níbẹ̀, ó ń ṣa òkúta rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń tẹ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àna ló ń bọ̀, wọ́n á ríbi jókòó sí. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, á ríbi bà sí. Bó bá jẹ́ ọkọ́ ni ọmọ náà ń fẹ́, ọkọ́ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ dúró létí pápá náà. "Bàbá Ìbídùn, èwo lẹ gbọ́ nínú wọn?"

Ọdẹ́jìnmí nà ró, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo òkè níbi tí ìràwọ̀ kan ti ń rìn kọjá.

"Ohùn ọmọ mi ni mo gbọ́," ó ní.

Àtọ́kẹ́ padà wọlé, ó lọ mú ọkọ́ tirẹ̀.

Ìdí iṣẹ́ yẹn ni mo fi wọ́n sí tí mo fi padà wálé. Òjò náà sì ti dá, ẹ gbé àpótí mi padà síbi tí ẹ ti gbé e, kí ẹ sì máa gbójú sókè bí ẹ bá ń lọ.